Abẹ́rẹ́ Mítà àti Àyà Ìyá Mi

Kí ìyá mi tó kó wá sọ́dọ̀ wa ní Bodija, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa bẹ̀rù wáyà tí òun fúnra rẹ̀ ta. Wáyà éríà rédíò mi ni. Mo ta á láti orí òrùlé bọ́ìsì kọ́tà lọ sára igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì kọjá níwájú fèrèsé yàrá kan tí a máa ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Aṣọ ìyàwó mi kan tilẹ̀ ti fò lọ há sí i lára rí nígbà ìjì, a fi igi yọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó ka wáyà náà sí nǹkan kan, àfi ìgbà tí a kó ẹrù kúrò nínú yàrá yẹn, tí a kùn ún lọ́dà, tí a gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, tí ìyá mi sì wọlé síbẹ̀ tòun ti ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi sábẹ́ awọ àyà rẹ̀.

Pésímékà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Kò tó páálí ìṣáná. Ọkàn ìyá mi ti ń lù ségesège, á lù, á dúró bí ẹni tó ń ronú, á tún lù. Ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ yìí sí i ní ọsibítù kan lójú ọ̀nà Ring Road, kó máa rán ọkàn létí iṣẹ́ rẹ̀. Òkè-Àdó ló ti ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, nínú ilé tó tóbi ju ẹnì kan lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, èmi àti ìyàwó mi fárígá pé kò níí padà síbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ bó bá ṣubú? Ó gbà láti tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n ó gbà bí ìgbà tí èèyàn yá nǹkan tó mọ̀ pé òun máa dá padà. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé wá. Àwọn aṣọ rẹ̀ tó dára àti ẹní tó fi ń kírun kù sí Òkè-Àdó.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí rédíò mi jẹ́, nítorí àwọn ará àdúgbò kan ṣì gbà pé amí ni mí. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwa kan sì wà káàkiri ayé tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀. A kì í polówó ọjà, a kì í ka ìròyìn. Bí mo bá dé láti ilé ìwé, màá lọ jókòó sí bọ́ìsì kọ́tà, màá tẹ máìkì, màá pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, ẹnì kan láti Ghana tàbí láti Brazil á dá mi lóhùn. A ó kíra, a ó bi ara wa bóyá ohùn wa ń dún dáadáa, ó tán. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀, pé kí ọkùnrin máa bi àjèjì pé “ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé tó ń pè é tí kò jẹ́.

Rédíò tó ń gbọ́rọ̀ nìkan ò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Tiwa yàtọ̀, torí pé ó ń sọ̀rọ̀ jáde, agbára iná ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lára wáyà éríà. Wáàtì la fi ń wọn agbára yẹn. Mítà kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ ló wà láàárín rédíò àti wáyà mi, bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ yẹn á máa jó lọ jó bọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnì tí a fi ń yí agbára rédíò náà ti pa rẹ́ kí n tó rà á, torí náà mítà yẹn nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ogójì wáàtì ni mo yí bọ́tìnì náà sí, ibẹ̀ ni mo sì fi í sí láti ọdún tó ti pẹ́.

Ọjọ́ tí ìyá mi dé ni mo pa rédíò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo fi aṣọ bò ó, mo ti ilẹ̀kùn bọ́ìsì kọ́tà, mo sì ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ ilé ìwé wọ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló bí mi. Èmi yìí ni mo tú rédíò rẹ̀ palẹ̀ ní kékeré tí mi ò mọ̀ ọ́n tò padà. Kò pẹ́ tó fi bi mí lórí oúnjẹ alẹ́.

“Ọkọ mi, rédíò ẹ tó máa ń pariwo ńkọ́?”

“Ó ń sinmi ni, Màámi.”

“Ta ló ní kó sinmi?”

Ìyàwó mi ló la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí ẹ̀rọ àyà yín ni. Wọ́n ní iná rédíò lè dà á láàmú.” Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò bínú, ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ó wẹ ọwọ́, ó dìde, nígbà tí mo sì máa fi kọjá ní yàrá rẹ̀, báàgì yẹn ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Mi ò wá di èèwọ̀ sínú ilé ọmọ mi,” ó ní. “Bó bá jẹ́ pé torí mi lẹ ò fi ní lè ṣe ohun tí ẹ̀ ń ṣe mọ́, ẹ bá mi pe ọkọ̀ máíkírà, kí n máa lọ sílé mi.”

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kó yé yín bó ṣe yé mi lọ́jọ́ náà. Bí mo bá pa rédíò, ìyá mi á padà sí Òkè-Àdó, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbọ́ bó bá ké. Bí mo bá sì tan rédíò, mi ò mọ ohun tó lè ṣe ọkàn rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà pé òun á dúró títí màá fi bá àwọn ará ọsibítù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé báàgì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin tó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ àyà wọ̀nyẹn wò ní ọsibítù ní sùúrù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bi mí pé, “Rédíò yìí, wáàtì mélòó ló ń gbé jáde, sà?”

“Ogójì,” mo dáhùn kíá, bí ọmọ kíláàsì mi tó ti ń wá ẹni tó máa bi í.

Ó bi mí bí wáyà ṣe jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì tó, mo fi ojú yàrá júwe fún un. Ó ní, “Kò séwu níbẹ̀. Tó bá ṣáà jẹ́ ogójì lóòótọ́. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ gbé wáyà yẹn jìnnà sí Màmá.”

Mo dúpẹ́, mo jáde. “Lóòótọ́” yẹn ló bá mi wọ ọkọ̀ délé.

Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ní kò séwu. Ó gbé báàgì rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì tan rédíò. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyọnu mi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, ìyá mi á wọ́ àga rẹ̀ lọ sẹ́nu fèrèsé, níbi tí wáyà ti kọjá gan-an, á káwọ́ lẹ́rán, á máa gbọ́ ohùn mi láti bọ́ìsì kọ́tà. Kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ o. Ohùn ṣáá ló ń gbọ́. Èmi náà á máa yọjú wò ó láti ojú wíńdò tèmi. Màá wo abẹ́rẹ́, màá wo ìyá mi, màá tún wo abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ara mi ò yá, torí gbólóhùn mi kì í parí mọ́. Bó bá sún àga, àyà mi á já. Bó bá gbé ọwọ́ láti fi lé eṣinṣin, màá ti fi máìkì sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kó jókòó sí pálọ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ò sí ní pálọ̀.

Ìgbà tí ọkàn mi wà báyìí ni àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí wasáàpù àwa tí à ń lo rédíò ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Moniya ló kọ ọ́ pé mítà tí òun rà ń sọ pé rédíò òun ń gbé wáàtì jáde ju èyí tí àwọn tó ṣe é sọ lọ. Ẹlòmíràn ní mítà tiẹ̀ ń sọ ìdajì. Ẹnì kẹta ní gbogbo mítà ló ń parọ́, pé èyí tí irọ́ rẹ̀ bá wu kálukú ni kó rà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń lu tábìlì ní kíláàsì pé kò sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe tiẹ̀, pé ẹni tó bá kọ ìdáhùn láìsọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ lè dé kò tíì dáhùn, mi ò bi mítà tèmi ní ìbéèrè kan rí. Mo rántí ibi tí mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ní Dugbe. Gíláàsì rẹ̀ sán, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Nígbà òjò, àyàfi kí n fi ìka kàn án pó kí abẹ́rẹ́ tó gbéra. Irú nǹkan yìí ni mo fi ẹ̀mí ìyá mi sínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀!

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, dókítà eyín ni, ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Challenge. Èmi àti ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jọra. Obìnrin ni, ó kéré sí mi, kì í bẹ̀rù nǹkan kan, bóyá nítorí pé gbogbo ọjọ́ ló ń wo ojú àwọn tó ń bẹ̀rù òun. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé da ara yín láàmú. Ẹ gbé rédíò àti mítà yín wá ní Sátidé, ká fi wé tèmi.”

Ní Sátidé yẹn, mo kọ́kọ́ bá ọkùnrin Ghana kan sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nítorí mo ti ṣèlérí fún un. Ìyá mi wà lẹ́nu fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo tú rédíò, mo dì í sínú aṣọ, mo wọ ọkọ̀. Orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé láti Bodija títí dé Challenge. Bí máíkírà náà bá já sí kòtò, èmi ni mò ń ké yéè.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú rẹ̀ ni rédíò tiẹ̀ wà, pẹ̀lú òórùn oògùn eyín. Ó so mítà tèmi àti tiẹ̀ pọ̀ mọ́ rédíò mi, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó wá so ohun tí à ń pè ní dọ́mì mọ́ ìparí rẹ̀. Garawa kékeré kan ni, rẹsísítọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀ nínú òróró. Ó máa ń gbé agbára rédíò mì bí éríà ṣe máa gbé e, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó jáde sáfẹ́fẹ́. Òun la fi ń dán rédíò wò láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

“Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe nílé,” ó ní.

Mo tẹ máìkì. “Hááló, hááló, hááló.” Abẹ́rẹ́ méjèèjì jó dé ogójì, wọ́n padà, wọ́n tún dé ogójì. Mo tún un ṣe. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Mi ò lè sọ bí ara ṣe tù mí tó. Mo fẹ̀yìn tì, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jàjà bọ́. Mo ní, “Dókítà, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìyá mi bọ́.”

“Ẹ mú sùúrù ná,” ó ní. Ó gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká ètè, ó sì súfèé sí i, súfèé gbọọrọ tó dúró sójú kan.

Abẹ́rẹ́ méjèèjì fò kọjá ogójì, wọ́n kọjá ọgọ́rin, wọ́n kọjá ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọn ò mì. Mo rò pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Mo ní, “Kí lo fọwọ́ kàn?”

“Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ibi tí ẹ yí i sí ló wà.” Ó wo ojú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kì í súfèé sí tiyín ni?”

Ó ṣàlàyé fún mi, èmi olùkọ́ físíìsì, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ yọ eyín fún. Ó ní tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ń lọ sókè ó ń wálẹ̀, àlàfo sì wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Abẹ́rẹ́ wúwo, kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Kó tó gùn dé ibi tí agbára ga sí, agbára ti wálẹ̀, torí náà àárín méjì ló máa ń dúró sí. Súfèé kì í ní àlàfo, ó máa ń dúró títí abẹ́rẹ́ á fi bá a. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń súfèé sí máìkì bí wọ́n bá fẹ́ wọn agbára. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi torí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Mi ò lè súfèé. Mi ò mọ̀ ọ́n. Nílé wa ní Òkè-Àdó, ìyá mi ò gbà á láàyè tọ̀sán tòru. Àwọn ìyá mìíràn a máa ní kí ọmọ má súfèé lálẹ́ kó má baà pe ejò wọlé, tiwa ní ejò ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Igi ọmọrogùn ló fi ń bá ẹnu wa wí, títí ètè wa fi gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà, tí mo gba ìwé àṣẹ, tí mo ń sọ “hááló” sí mítà, tí mo sì ń yí bọ́tìnì sókè títí ọ̀rọ̀ ẹnu fi gbé abẹ́rẹ́ dé ogójì. Mítà tí mo ti ń bú ò parọ́ kankan. Ó dáhùn ohun tí mo bi í. Agbára tó ju ìlọ́po méjì ohun tí mo sọ ní ọsibítù ló sì ń kọjá níwájú àyà ìyá mi, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pàápàá.

Mo mú fóònù, mo pe ìyàwó mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pè yín ni. Òòyì ń kọ́ Màámi. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn báfù, mo ti mú wọn dùbúlẹ̀.”

Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò gbé rédíò, mi ò gbé mítà. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Mo ní kí ìyàwó mi gbé ìyá mi wá sí ọsibítù Ring Road, kí n bá wọn níbẹ̀, mo sì dé ṣáájú wọn, mo wá dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn. Gbogbo máíkírà tó bá dẹwọ́ ìsáré ni mo ń sáré bá. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún àwọn àbúrò mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo fi eré ọwọ́ mi pa ìyá wa, pé mo tilẹ̀ wọ̀n ọ́n kí n tó ṣe é?

Wọ́n dé. Ìyá mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọkùnrin ọjọ́sí ló gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé e láyà lórí aṣọ, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ àyà yẹn máa ń pa bí ọkàn ṣe lù mọ́, ó sì lè tú u palẹ̀ fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ogójì tí kì í ṣe ogójì, “hááló” àti súfèé. Ó ń wo ohun tó ń wò. Ìyàwó mi di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, bóyá kí n má baà wọ inú kọ̀ǹpútà lọ.

Nígbà tó yá, ó ní, “Kò sí nǹkan kan níbí, sà. Ẹ̀rọ yìí ò ṣe àṣìṣe kankan. Láàárọ̀ yìí àti gbogbo ọjọ́ tí ẹ kà sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.”

Ẹni tó bá gbọ́n ìbá dúpẹ́. Èmi ní, “Kọ̀ǹpútà yín yìí ńkọ́? Ta ló ń yẹ òun náà wò? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?”

“Ẹ má dá a lóhùn,” ìyá mi sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Rédíò kọ́. Ebi ni.”

Gbogbo wa yíjú sí i. Ààwẹ̀ ló ń gbà. Àwọn ọjọ́ Ramadan tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ni ó ti ń san láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì mọ̀ pé dókítà ti ní kó má dán an wò. Oògùn òwúrọ̀ nìkan ló ń gbé mì ní sààrì. Ògì tí ìyàwó mi bá gbé sílẹ̀ fún un, máígàdì ló ń jẹ ẹ́. Mo rántí bí máígàdì ṣe ń kí ìyá mi tayọ̀tayọ̀, tí mo sì rò pé ìwà ló dára.

Wọ́n fún un ní ohun mímu, wọ́n bá a wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun gbọ́. Ọkùnrin náà wá kọjú sí mi. Ó ní kí n gbé wáyà jìnnà sí yàrá yẹn, kí n sì dín agbára kù gidi. Bí mo bá ṣe méjèèjì, kí ìyá mi ṣáà má lọ fọwọ́ kan wáyà, ó lè jókòó síbi tó bá wù ú nínú ilé. Mo ní mo ti pinnu láti tú gbogbo rẹ̀ dànù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, báàgì yẹn ti jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ni mo bá gbé wáyà lọ sí iwájú ilé, láti orí òpó tí mo rì sí ẹ̀gbẹ́ géètì, kí gbogbo ilé wà láàárín òun àti yàrá ìyá mi. Dókítà gbé rédíò mi wá láti Challenge. Nígbà tí mi ò mọ súfèé í sú, òun ló bá mi súfèé sí i, tí èmi ń yí bọ́tìnì wálẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi dúró lórí ogún. Ìyá mi gbọ́ láti pálọ̀, ó ní ta ló ń pe ejò sínú ilé. Mo ní dókítà eyín ni. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, bó bá jẹ́ dókítà ni.

Gbogbo nǹkan ti tò báyìí, ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Màá jókòó sídìí rédíò, màá gbé máìkì, ìka mi ò ní lè tẹ̀ ẹ́. Màá tún jáde lọ wo wáyà. Màá bi ìyá mi bóyá ara rẹ̀ le, á ní ó le, màá tún bi í. Ìyàwó mi ní òun á gbé mi lọ sí ọsibítù tèmi. Ìyá mi ń wò mí, báàgì ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí ìyàwó mi ń sùn, ó gbé àga rẹ̀ wá bá mi ní bọ́ìsì kọ́tà fúnra rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sí mi.

“Di ọrùn ọwọ́ mi mú, níbi tó ti ń lù. Bó bá dúró, ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀.”

“Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Dì í mú. Sọ̀rọ̀ sí nǹkan ẹ.”

Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ń lù níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lábẹ́ awọ tó ti fẹ́lẹ́. Mo fi ọwọ́ kejì tẹ máìkì, mo pe Dókítà ní Challenge. Bí mo ṣe la ẹnu, ohun tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ju máìkì sílẹ̀.

“Màámi! Ó ń sáré! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ!”

Kò dìde. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì di àtàǹpàkò mi mú, ó gbé e síwájú mi. Ó ṣì ń lù. Kò sí ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ó ń lù fúnra rẹ̀, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i.

“Tìẹ nìyẹn,” ó ní.

Láti inú rédíò, Dókítà ń béèrè pé ṣé mo ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi ò dá ìka mi sílẹ̀. Ó dì í mú títí ìlù yẹn fi lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá mú mi ní kékeré, tó sì ń wo ojú mi ní gbogbo àsìkò náà.

“Bí ìyàwó ẹ bá jí,” ó ní, “sọ fún un kó bá mi kó ìyókù ẹrù mi wá láti Òkè-Àdó. Kó má gbàgbé ẹní ìkírun mi. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí, mi ò lè fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.”